Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn lórí Èdè tí À Ń Fi Kọ́ Ọmọ Wa

Sí Olórí Ilé àti gbogbo ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn,
Òkè-Mósàn, Abẹ́òkúta.

Ẹ̀yin ọlọ́lá, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Nínú oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde ní Abuja pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà èdè tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022, èyí tó ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni. Ìdí tó fi lélẹ̀ ni pé àwọn agbègbè tó gbá èdè abínibí mú jù ni ọmọ wọn ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Ẹ̀yin ni mo kọ̀wé sí, kì í ṣe mínísítà. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní apá kejì Àtẹ Kejì, ìpínrọ̀ 30, là á mọ́lẹ̀ pé kò sí ohun tó dín agbára ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kù láti ṣòfin lórí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìkéde mínísítà kì í ṣe òfin. Ìpínlẹ̀ tó bá ní òfin tirẹ̀ lórí èdè ìkọ́ni ní ohun tó lè dì mú. Èyí tí kò bá ní, bí Abuja bá ṣe yí ni yóò máa yí. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ ṣòfin pé láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èdè tí ọmọ gbọ́ ni kí wọ́n fi kọ́ ọ, kí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́ tí olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ń kọ́ni. Ẹ ó bi mí ní ẹ̀rí, ẹ ó sì bi mí pé báwo ni a ó ṣe é. Mo kó méjèèjì dání.

1. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan èdè abínibí kò bá ọjọ́ mu.

Ọmọ tó ṣe WAEC ní 2025, bí kò bá tún kíláàsì kankan ṣe, ọdún 2013 ló wọ kíláàsì kìn-ín-ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìparí oṣù kọkànlá 2022 ni Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tí wọ́n fagi lé yìí. Ọmọ náà ti wà ní SS1 nígbà yẹn. Ìlànà ọ̀hún, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà fún. Mínísítà ìgbà náà, Adamu Adamu, tilẹ̀ sọ lọ́jọ́ tó kéde rẹ̀ pé kò tíì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún títí ìjọba yóò fi ṣe ìwé tí yóò sì kọ́ olùkọ́. Báwo ni oògùn tí aláìsàn kò tíì lò ṣe pa á?

Ẹ tún wo èsì ìdánwò tí wọ́n ń tọ́ka sí. Ní oṣù kẹjọ 2025, WAEC kọ́kọ́ kéde pé ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ló gba kírẹ́díìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àjọ náà jáde pé àṣìṣe wà nínú bí wọ́n ṣe máàkì àwọn iṣẹ́ kan, wọ́n tún un ṣe, ó di 62.96. Ti JAMB ọdún kan náà kò yàtọ̀: àṣìṣe ẹ̀rọ kó bá àwọn tó ṣe é ní Èkó àti ní gúúsù ìlà-oòrùn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olóyèdé tó jẹ́ alákòóso àjọ náà tọrọ àforíjì ní gbangba, wọ́n sì ní kí àwọn tó lé ní 370,000 wá tún un ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ fi èsì ìdánwò dá èdè lẹ́bi, ó yẹ kó kọ́kọ́ yọ àṣìṣe ẹ̀rọ kúrò níbẹ̀.

2. Wọ́n ti dán an wò nílẹ̀ wa, ó sì jẹ́.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé ìwé St. Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́. Ford Foundation ló fowó tì í. Àwọn ọmọ kan fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n ń fi wọ́n wé fi Yorùbá ṣe ọdún mẹ́ta, wọ́n wá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì bí ilé ìwé yòókù. Wọ́n kọ ìwé tuntun fún ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ àwùjọ, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ìwádìí náà fi parí ní 1978, àwọn tó fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ló ṣe dáadáa jù, tó fi mọ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

N kò ní sọ fún yín pé èdè nìkan ló ṣe é. Ìwé tuntun wà, olùkọ́ wọn gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ọ̀tọ̀ wà. Àwọn tó máa ń fi Ifẹ̀ jẹ́rìí sábà máa ń gbàgbé olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ kí òfin yín dárúkọ. Fáfúnwá fúnra rẹ̀ di Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láàárín 1990 sí 1992, síbẹ̀ ètò náà kò di ti gbogbo ilé ìwé. Ìdí nìyẹn tí n kò fi wá ìlànà mìíràn lọ́dọ̀ yín. Òfin ni mo wá.

3. Ẹ má gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni báyìí.

Ẹ yọ́ wọ kíláàsì kẹta ilé ìwé ìjọba èyíkéyìí láìsọ tẹ́lẹ̀. Yorùbá ni olùkọ́ fi ń ṣàlàyé, nítorí bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ọ. Tó bá ṣàlàyé tán, á kọjú sí pátákó, á kọ nóòtì ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ á dà á kọ. Ìdánwò ń bọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó yé ọmọ kò sí nínú ìwé rẹ̀, ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ kò yé e. Bí ìyá bá gbé ìwé náà wò lálẹ́ láti ràn án lọ́wọ́, kò ní yé òun náà.

Ẹ tún fetí sí irú ìbéèrè tó ń lọ nínú kíláàsì bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ á fi ọ̀rọ̀ kan parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yé yín? Ó yé wa, sà! Kò sí ọmọ tó ń béèrè “kí ló dé?”, kò sí èyí tó ń sọ pé “mi ò rò bẹ́ẹ̀”, nítorí kí èèyàn tó lè jiyàn ní èdè kan, ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ ju “yẹ́ẹ̀sì” àti “nóò” lọ. Ọmọ kan náà, lákòókò ìsinmi, á ṣàlàyé òfin eré fún ẹgbẹ́ rẹ̀, á já irọ́, á mú ẹ̀rí wá, á gba ẹjọ́ ara rẹ̀ rò. Làákàyè ń bẹ. Ẹnu ọ̀nà kíláàsì ni à ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Nípa ìlànà àtijọ́ tó ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ni nínú kíláàsì ìsàlẹ̀, kí wọ́n wá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin: ibẹ̀ gan-an ni ọmọ ti ń jábọ́. Kíláàsì kẹrin ni ìwé ti ń gùn, tí ìṣirò ti ń di ìtàn gígùn, tí sáyẹ́ǹsì ti ń kún fún ọ̀rọ̀ tuntun. Àwọn olùmọ̀ èdè, Jim Cummins nínú wọn láti ọdún 1979, ti fi hàn pé èdè tí ọmọ fi ń bá ẹgbẹ́ tàkúrọ̀sọ lè dá lẹ́nu rẹ̀ láàárín ọdún kan sí méjì, ṣùgbọ́n èdè tí yóò fi ka ìwé ẹ̀kọ́ kó sì fi ronú máa ń gbà tó ọdún márùn-ún sí méje. Ọdún mẹ́ta kò tó o.

4. Kíkà: ibi tí Yorùbá ti rọrùn, àti ibi tí a ti ń bà á jẹ́.

Lẹ́tà wa jẹ́ 25. Ohun tí ọmọ rí ló máa pè: lẹ́tà kan, ìró kan, àfi gb àti fáwẹ̀lì àránmúpè (bíi an, in, un) tí í ṣe méjì lára ìwé. Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje ni. Sílébù wa kì í lọ́jú pọ̀: fáwẹ̀lì nìkan, tàbí kọ́ńsónáǹtì kan pẹ̀lú fáwẹ̀lì, tàbí n àti m aṣesílébù. Kọ́ńsónáǹtì méjì kì í fara kanra. Gẹ̀ẹ́sì ní lẹ́tà 26 fún ìró bíi 44, lẹ́tà kan náà á sì máa yí ìró padà láti ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. Láti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kíkà, iṣẹ́ méjì lẹ gbé lé e lórí pọ̀: kó mọ bí àmì orí ìwé ṣe ń di ìró, kó sì máa rò ó pé kí ni ìró náà túmọ̀ sí.

Bí olùkọ́ tó mọṣẹ́ ṣe ń tò ó nìyí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ kíláàsì kìn-ín-ní, etí ni iṣẹ́ wà, kò tíì kan ìwé: kí ọmọ máa pàtẹ́wọ́ fún sílébù kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀, kó sì máa fi dò-re-mí pe ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fáwẹ̀lì méje, kí b, d, k, l àti t tẹ̀lé e. Lẹ́tà méjì lọ́sẹ̀ tó. Èyí tó ń kọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ara rẹ̀ ló ń kọ́. Pẹ̀lú fáwẹ̀lì méje àti kọ́ńsónáǹtì márùn-ún, sílébù 35 ti wà lọ́wọ́ ọmọ, ó sì lè dá ka bàtà, adé, ilé, kọ́bọ̀, ọbẹ̀, ẹ̀bà. Fáwẹ̀lì àránmúpè ń bọ̀ ní sáà kejì, p àti gb lẹ́yìn ìyẹn, n aṣesílébù bíi ti “ńlá” sì gbẹ̀yìn. Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ báyìí yẹ kó lè dá ka ìwé ìtàn kékeré olójú-ewé mẹ́jọ kí ọdún kìn-ín-ní tó parí.

Àmì ohùn ni ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Àwọn olùkọ́ kan, àti òǹtẹ̀wé púpọ̀, á ní àmì ń da ọmọ láàmú, wọ́n á yọ ọ́ dànù. Àgbà tó gbọ́ èdè lè ka “oko” tàbí “ọkọ” láìsí àmì, kó fi gbólóhùn tó yí i ká mọ èyí tó jẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà lẹ́tà lẹ́tà kò tíì rí ìparí gbólóhùn, kí ni yóò fi mọ̀ ọ́n? Nítorí náà, kí àmì pé pérépéré nínú gbogbo ìwé kíláàsì kìn-ín-ní sí ìkẹta. Ní ti kíkọ, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ nítorí àmì títí di kíláàsì kẹta. Kíkà pẹ̀lú àmì ló ń ṣíwájú, kíkọ àmì á tẹ̀lé e.

Ọ̀ràn ẹ̀rọ tún wà níbẹ̀ tí àwọn tó ń gba kọńtíráàtì ìwé kì í sọ fún ìjọba. Lẹ́tà ẹ tó ní àmì òkè kì í ṣe lẹ́tà ẹyọ kan nínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà tó ní àmì ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé àmì òkè lé. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ èyí á ju àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sọ ọ́ di àpótí òfìfo, tàbí kó jẹ ẹ́ pátápátá. Ìwé lè kúrò lọ́wọ́ òǹkọ̀wé pẹ̀lú àmì tó pé, kó sì jáde nílé ìtẹ̀wé láìsí ẹyọ kan. Kí ìwé àdéhùn sọ pé ẹni tó gbọ́ Yorùbá yóò ka ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó bá jáde nínú ẹ̀rọ, ojú ewé lójú ewé, kí wọ́n tó tẹ ìyókù, àti pé ìwé tí àmì rẹ̀ bá já, wọn kò ní sanwó rẹ̀.

5. Ìṣirò.

Àwọn alátakò máa ń sọ pé oǹkà Yorùbá le jù fún ọmọdé. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó fẹ́ ètò. Mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, à ń fi kún ẹ̀wá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dé mọ́kàndínlógún, à ń yọ kúrò nínú ogún. Nígbà tí a bá dé márùndínláàádọ́ta, a ti yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta, àádọ́ta fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ ẹ̀wá nínú rẹ̀. Lórí ìwé, 45 ni: ẹ̀wá mẹ́rin àti ẹyọ márùn-ún. Ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹnu àti ìwé ń gbà dé ibì kan náà. Olùkọ́ tí kò bá kíyè sí i, á pe márùndínláàádọ́ta fún ọmọ pé kó kọ ọ́, ọmọ á gbọ́ márùn-ún, á gbọ́ àádọ́ta, á kọ 55.

Àtúnṣe rẹ̀ kò lówó lórí. Ẹyọ ìgbálẹ̀ ọgọ́rùn-ún àti rọ́bà mẹ́wàá tó fún àwùjọ ọmọ márùn-ún. Kí wọ́n di ẹyọ mẹ́wàá mẹ́wàá. Ní sáà méjì àkọ́kọ́, ìdì mẹ́rin àti ẹyọ márùn-ún, “ẹ̀wá mẹ́rin àti márùn-ún” ni kí wọ́n máa pè é, kí wọ́n sì kọ ọ́ ní 45. Ní sáà kẹta, ẹ kó ìdì márùn-ún síwájú ọmọ, kó tú ọ̀kan, kó yọ ẹyọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀, kó ka ohun tó kù. Ìgbà yìí ni kó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ náà: márùndínláàádọ́ta. Ọmọ tó bá gba ọ̀nà yìí, ó ti mọ̀ láìsí pé ẹnì kan kọ́ ọ pé 50 dín 5 jẹ́ 45, àti pé 45 ṣì ku 5 kó tó pé 50. Ìṣirò ṣéńjì tí ìyá aládìrẹ ń ṣe ní Ìtòkú láìfọwọ́ kan kálúkúlétọ̀ nìyẹn.

Láti kíláàsì kẹrin, nígbà tí nọ́ńbà bá ti ń kọjá igba dáadáa, kí òfin tàbí ìlànà rẹ̀ gba olùkọ́ láyè láti máa pe nọ́ńbà bí ó ṣe wà lórí ìwé, ọgọ́rùn-ún lọ́gọ́rùn-ún, ẹ̀wá lẹ́wàá. Àwọn kan nínú àwa tó ń ṣiṣẹ́ èdè á bínú sí èyí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú. Oǹkà àbáláyé wà nínú iṣẹ́ Yorùbá tí wọn yóò ti kọ́ ọ ní kíkún. Nínú iṣẹ́ ìṣirò, kí ọmọ rí ìdáhùn ló ṣe pàtàkì.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ìṣirò ni ìbéèrè alálàyé. Bọ́lá ní agbálùmọ̀ mẹ́sàn-án, Kúnlé ní márùn-ún, mélòó ni ti Bọ́lá fi ju ti Kúnlé lọ? Ọmọ kíláàsì kejì tó gbọ́ ọ ní Yorùbá á ní mẹ́rin. Ọmọ kan náà tó bá a pàdé ní Gẹ̀ẹ́sì á rí nọ́ńbà méjì, á rò wọ́n pọ̀, á kọ 14. Òdo ni yóò gbà, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀ pé kò mọ ìṣirò.

6. Sáyẹ́ǹsì kò ní kí Yorùbá má wọlé.

Àjọ tó ń ṣètò ìlànà ẹ̀kọ́ nílẹ̀ yìí, tí a mọ̀ sí NERDC lónìí, ti ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní èdè Nàìjíríà mẹ́sàn-án láti ọjọ́ pípẹ́. Yorùbá wà nínú wọn. Èyí tí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí wọ́n yá a, kí wọ́n kọ ọ́ ní ìró tiwa. Gẹ̀ẹ́sì náà yá ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì tirẹ̀ lọ́wọ́ Látìn àti Gíríìkì, kò sẹ́ni tó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Abẹ́òkúta níbí, ọmọ tó dàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró mọ̀ pé aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró máa ń ní àwọ̀ ewé, pé ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá bà á ló ń di búlúù. Ó mọ̀ pé omi eérú ni wọ́n fi ń ro aró, ó sì mọ̀ pé ibi tí ẹ̀kọ bá lẹ̀ mọ́ lára aṣọ, aró kò ní gbà á. Ẹ̀kọ́ kẹ́místìrì mẹ́ta ni mo kà sílẹ̀ yẹn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ọmọ náà lè fi Gẹ̀ẹ́sì kíláàsì kẹrin ṣàlàyé.

7. Gẹ̀ẹ́sì tí òbí ń bẹ̀rù fún.

Ìbẹ̀rù yìí tọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò, Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ ìjọba, kò sì sí òbí tó fẹ́ kí ọmọ òun wà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èèyàn ń kọ́ ìwé kíkà. Ọmọ tó ti lè ka Yorùbá já gaara ti mọ̀ pé àmì ń dúró fún ìró, pé ojú ń lọ láti òsì sí ọ̀tún, pé ó yẹ kí ohun tí òun kà ní ìtumọ̀. Gbogbo ìyẹn á bá a lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí kò ní bá a lọ ni iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà p nínú Yorùbá kì í ṣe p ti Gẹ̀ẹ́sì, bí wọn kò bá kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ rẹ̀, á gbé ìró tiwa lọ sínú tiwọn. Fáwẹ̀lì tí n bá tẹ̀ lé, ọmọ wa á fi imú pè é, á gbé n mì. Lẹ́tà c, q, v, x, z kò sí lọ́dọ̀ wa. Kọ́ńsónáǹtì tó tò tẹ̀lé ara wọn, ahọ́n Yorùbá á fi fáwẹ̀lì là wọ́n; ẹ wo ohun tí a fi búrẹ́dì ṣe. Gbogbo èyí ṣeé kọ́, bí olùkọ́ bá mọ̀ ọ́n, tí ó sì ní àkókò tirẹ̀.

Àbá mi lórí àkókò nìyí: kíláàsì kìn-ín-ní àti ìkejì, ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́, ẹnu àti etí nìkan, orin, àṣẹ, ìkíni, orúkọ nǹkan, kíkà Yorùbá ní wákàtí kan. Kíláàsì kẹta, ìṣẹ́jú 45, kíkà Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀. Láti ìkẹrin dé ìkẹfà, wákàtí kan lójúmọ́. Ní kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà, kí ìwé ìṣirò àti ti sáyẹ́ǹsì ní àtẹ ọ̀rọ̀ lédè méjèèjì ní ìparí orí kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ tó ń wọ JSS1 má bàa ka ohun tó ti mọ̀ bí ẹni tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́.

8. Ohun tí yóò ba òfin náà jẹ́ bí ẹ kò bá kọ ọ́ sínú rẹ̀.

Ẹ wo Philippines. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí káàkiri orílẹ̀-èdè wọn ní 2012, wọ́n sì fi òfin dá a dúró ní 2024. Ìwé tí kò tó, olùkọ́ tí wọn kò kọ́ tó, àti èdè tó pọ̀ nínú kíláàsì kan náà wà lára ohun tí àwọn olùwádìí ibẹ̀ ń tọ́ka sí. Ibẹ̀ ni tiwa náà yóò gbà wó, bí yóò bá wó.

Ìdánwò ni àkọ́kọ́. Olùkọ́ kò ní fi èdè kan kọ́ni kó fi òmíràn ṣe ìdánwò, àfi tí ẹ bá fẹ́ kó tún padà sí nóòtì orí pátákó. Bí ìdánwò tí ọmọ fi ń jáde ní kíláàsì kẹfà bá ṣì wà ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan, òfin yín á kú lọ́dún kìn-ín-ní. Kí ìwé ìbéèrè wà lédè méjèèjì, kí ọmọ sì yan èyí tí yóò fi dáhùn, àyàfi nínú iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìfisípò olùkọ́. Gbígbọ́ Yorùbá yàtọ̀ sí mímọ̀ ọ́n kọ́ni. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ wà ní Òṣíẹ̀lẹ̀ níbí, ẹ̀ka Yorùbá sì wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìpínlẹ̀ bá wọn ṣàdéhùn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́rin nígbà ìsinmi gígùn, lórí kíkà, àmì ohùn àti oǹkà. Olùkọ́ tí kò bá yege, kó má kọ́ kíláàsì kìn-ín-ní sí ìkẹta.

Àwọn ọmọ Ègùn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá, Yorùbá kọ́ ni èdè abínibí wọn. Bí ẹ bá kọ “Yorùbá” nìkan sínú òfin, ohun tí Abuja ṣe fún wa ni ẹ ṣe fún wọn yẹn. Ẹ kọ “èdè tí ọmọ gbọ́ jù”, kí ẹ sì ya owó ìwé Ègùn sọ́tọ̀. Níbi tí èdè bá ti pọ̀ nínú kíláàsì, bíi Sábó, kí èdè tí wọ́n jọ ń sọ ní àdúgbò jẹ́ èdè ìkọ́ni.

Ilé ìwé aládàáni ńkọ́? N kò ní kí ẹ fipá mú wọn lọ́dún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ lè fi òfin dá dúró lọ́la: owó ìtanràn, ẹgba àti ìjìyà tí wọ́n ń fi jẹ ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá. Wọ́n ń kọ ọ́ sára ògiri pé èèwọ̀ ni. Ọmọ ọdún márùn-ún tó ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀ láàárọ̀ dalẹ́ kò ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀.

9. Ohun tí mo fẹ́ kí àbá òfin náà ní nínú.

Òfin Èkó, tí Gómìnà Ambode fọwọ́ sí ní 2018, sọ Yorùbá di iṣẹ́ tó pọn dandan. Kò sọ ọ́ di èdè ìkọ́ni. Ẹ má ṣe àdàkọ rẹ̀ lásán. Kí tiyín lọ jìnnà sí i: ọdún kan gbáko fún ìwé àti olùkọ́ kí ọmọ kankan tó bẹ̀rẹ̀; kíláàsì kìn-ín-ní nìkan ní ọdún tó tẹ̀lé e, kí kíláàsì kan máa kún un lọ́dọọdún títí yóò fi pé mẹ́fà. Ìwé kan fún ọmọ kan nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ìwé kan fún ọmọ mẹ́rin, kí bébà rẹ̀ sì nípọn tó láti lo ọdún mẹ́ta. Ó kéré tán, ìwé ìtàn kékeré ọgbọ̀n nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan, nítorí ọmọ tó ń ka ìwé kan ṣoṣo kì í pẹ́ kó há a sórí. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ fún ilé ìwé kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ilé ìwé bá kéré, kí méjì máa pín in lò.

Kí wọ́n sì máa wọ̀n ọ́n. Ní ìparí kíláàsì kejì, ẹ yan ọmọ díẹ̀ láìṣe ojúsàájú nínú ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ fún wọn ní àyọkà kúkúrú tí wọn kò rí rí, kí wọ́n kà á fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n sì dáhùn ìbéèrè márùn-ún lórí rẹ̀. Ẹ má yá òdiwọ̀n iye ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan láti èdè mìíràn: ọ̀rọ̀ wa kúrú, ẹni tó ń kà á á dà bí ẹni tó yára. Èsì ọdún àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n tiwa, kí wọ́n sì kà á síwájú Ilé yín lọ́dọọdún.

Ìwé òfin 1999, ní abala 97, gbà yín láyè láti fi èdè ìpínlẹ̀ yín kún Gẹ̀ẹ́sì nínú ìpàdé Ilé, bí ẹ bá fẹnu kò sí i. Láti ọdún 1991 ni àkójọ ọ̀rọ̀ aṣòfin ní Yorùbá ti wà nílẹ̀, NERDC ló tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, kí ìjíròrò gbangba lórí àbá òfin yìí wáyé ní Yorùbá àti Ègùn, kí ẹ tẹ ẹ̀dà rẹ̀ jáde ní èdè méjèèjì pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, kí ẹ sì fi sí ọjọ́ Sátidé, nítorí pé láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn olùkọ́ tó yẹ kó sọ̀rọ̀ wà nínú kíláàsì, àwọn ìyá tó yẹ kó béèrè ìbéèrè sì wà lọ́jà.

Èmi ni, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Olùkọ́ èdè kan ní Abẹ́òkúta.